Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ
Ọ̀rọ̀ lórí àwọn onílẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti bodè mọ́ àwọn tí ó bá wọn la ọ̀nà



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ òkèèrè létí yín, nítorí pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀, láàrin àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n ni ojú òpó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀ràn ọjà ni, ọ̀ràn àdéhùn sì ni. Ọ̀ràn ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni nǹkan ni, àti ẹ̀tọ́ ẹni tí ó bá a sọ nǹkan náà di ńlá. Ẹ̀sìn wa kò dákẹ́ lórí èyíkéyìí nínú wọn.

BÍ ỌJÀ NÁÀ TI RÍ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé àwọn àgbà wa tí kì í fi ọwọ́ kan nǹkan wọ̀nyí. Ojú òpó bíi Twitter tàbí Reddit dà bí ọjà ńlá kan tí a fi odi yí ká. Ẹni tí ó dá ọjà sílẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ àti odi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn èrò ń sọ níbẹ̀, àwòrán tí wọ́n ń fi hàn, ìbéèrè tí ẹnì kan béèrè àti ìdáhùn tí ẹlòmíràn fún un, àwọn ni ọjà tí ó wà lórí àtẹ. Èrò ni ó gbé wọn wá, kì í ṣe onílẹ̀.

Kí ènìyàn tó lè wọ ọjà yìí láti orí fóònù rẹ̀, ó ní láti gba ọ̀nà kan. Ọ̀nà yìí ni à ń pè ní áàpù. Onílẹ̀ lè la ọ̀nà tirẹ̀. Ó sì lè ṣí bodè sílẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn la ọ̀nà tiwọn dé ibẹ̀, kí olúkúlùkù lè yan èyí tí ó bá a lára mu. Bodè tí ó ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní API. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn ayé àtijọ́ lẹ́nu àwọn bàbá yín, ẹ mọ ohun tí oníbodè jẹ́: ẹni tí ó jókòó lẹ́nu odi ìlú, tí ó ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kí ó tó kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí owó bodè ni gbogbo ìjà náà dá lé.

OHUN TÍ TWITTER ṢE

Ní 2006 ni Twitter bẹ̀rẹ̀ ní ìlú San Francisco. Ní 2007, nígbà tí ọjà náà kò ì tíì kún, ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Iconfactory ṣe áàpù kan tí wọ́n pè ní Twitterrific, fún kọ̀ǹpútà Mac. Ní 2008 áàpù náà dé orí iPhone. Inú áàpù yìí ni àwòrán ẹyẹ ti kọ́kọ́ bá orúkọ Twitter rìn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà “tweet” tí gbogbo ayé ń pè títí di òní. Nígbà náà, Twitter fúnra rẹ̀ kò ní áàpù kankan lórí iPhone. Ní 2010 ni ó tó ní ọ̀kan, kì í sì í ṣe pé ó ṣe é: ó ra áàpù Tweetie lọ́wọ́ Loren Brichter tí ó ṣe é, ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ti rí? Àwọn àlejò ni wọ́n la ọ̀nà, àwọn àlejò ni wọ́n fún ọjà ní àmì ẹyẹ tí a fi mọ̀ ọ́n, ọ̀nà tí onílẹ̀ sì wá ń pè ní tirẹ̀, ọwọ́ àlejò ni ó ti rà á. Nígbà tí ọjà kún tán, bodè bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ní 2012 Twitter gbé òfin jáde pé áàpù tuntun tí ó bá fẹ́ ju 100,000 ènìyàn lọ gbọ́dọ̀ wá tọrọ àṣẹ. Síbẹ̀ àwọn oníṣẹ́ náà fara dà á, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ní oṣù October 2022 Elon Musk ra Twitter ní 44 bílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí ó di ọjọ́ 12 oṣù January 2023, lójijì, Twitterrific àti Tweetbot àti àwọn mìíràn bíi tiwọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò sí ìwé ìkìlọ̀, kò sí ẹni tí ó pe àwọn oníṣẹ́ náà sọ́tọ̀. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí ilé iṣẹ́ náà tó sọ pé òfin tí ó ti wà tipẹ́ ni òun ń mú ṣẹ. Nígbà tí ó di ọjọ́ 19 oṣù náà, wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn wọn ní kedere pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe áàpù tí ó jọ tiwọn tàbí tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Èyí ni pé wọ́n na ènìyàn tán kí wọ́n tó jókòó kọ gbólóhùn òfin náà. Ní oṣù July ọdún kan náà, wọ́n pa orúkọ Twitter tì, wọ́n ń pe ara wọn ní X, ẹyẹ náà sì fò lọ.

OHUN TÍ REDDIT ṢE

Ti Reddit tún ta yọ. Ọdún 2005 ni Steve Huffman àti Alexis Ohanian dá a sílẹ̀. Ọjà ìbéèrè àti ìdáhùn ni: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ẹni tí ń kọ́ èdè, ẹni tí ń ṣàìsàn, olúkúlùkù ní ìsọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ń bójú tó ìsọ̀ wọ̀nyí, tí ń lé àwọn abúni àti àwọn gbájú-ẹ̀ jáde, kì í gba owó oṣù. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, bí àwọn tí ń gbá mọ́sálásí láìgba kọ́bọ̀. Láti 2008 ni bodè API ti ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Reddit kò sì gbé áàpù tirẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde títí di 2016.

Ní 2017 ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan, Christian Selig, gbé áàpù kan jáde tí ń jẹ́ Apollo. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 18 oṣù April 2023, Reddit kéde pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó bodè. Wọn kò dárúkọ iye. Ní ọjọ́ 31 oṣù May ni Selig tó sọ iye tí wọ́n dá lé e fún gbogbo ayé gbọ́: 12,000 dọ́là lórí ìgbà 50 mílíọ̀nù tí áàpù bá kan bodè. Apollo ti kàn án ní ìgbà 7 bílíọ̀nù ní oṣù tí ó kọjá. Ẹ̀yin oníṣirò, ẹ bá mi ṣe é: owó náà ń lọ sí bíi 1 mílíọ̀nù àti 700,000 dọ́là lóṣù, èyí tí ó tó 20 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Ọjọ́ 1 oṣù July ni owó náà yóò bẹ̀rẹ̀. Oṣù kan ṣoṣo ni wọ́n fún ẹni tí ó ti ta áàpù rẹ̀ fún àwọn ènìyàn ní owó ọdún kan gbáko ṣáájú.

Àwọn alábòójútó bínú. Ní ọjọ́ 12 oṣù June, ìsọ̀ tí ó ju 8,000 lọ ti ilẹ̀kùn wọn. Ọjà dákẹ́ rọ́rọ́ fún ọjọ́ méjì, àwọn mìíràn sì tì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Reddit kò yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ó kìlọ̀ fún àwọn alábòójútó tí kò fẹ́ ṣí ìsọ̀ wọn pé a lè fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù June, Apollo kú. Àwọn áàpù mìíràn tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó wú mi lórí nínú ọ̀ràn yìí. Selig ṣírò rẹ̀ pé owó tí òun ní láti dá padà fún àwọn tí wọ́n ti san owó ọdún yóò tó 250,000 dọ́là. Kò sá. Ó sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ yóò gbà á, ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi jì í lè fi jì í. Àwọn tí wọ́n ṣe Tweetbot àti Twitterrific náà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Èmi kò mọ ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ìwà àmáánà ni ìwà náà. Mélòó nínú àwa tí a ń jókòó sí sáàfù iwájú ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà nígbà tí ọjà bá dojú dé?

Ẹ̀TỌ́ ONÍLẸ̀

A kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dájọ́. Onílẹ̀ náà ní ẹjọ́ rò.

Èkíní, ọjà kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó ni ín. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ń jẹ iná mànàmáná tọ̀sántòru, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gba owó oṣù. Owó ìpolówó ọjà ni wọ́n fi ń san èyí. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà àlejò wọlé kì í sábà rí ìpolówó náà, nítorí náà onílẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà lórí rẹ̀.

Èkejì, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, ń gba bodè kan náà wọlé, wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn sọ lọ láti fi kọ́ ẹ̀rọ wọn. Huffman sọ ọ́ ní gbangba ní 2023 pé kò yẹ kí àwọn ọlọ́rọ̀ jù lọ ní ayé máa kó ohun tí ó níye lórí bẹ́ẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣiwèrè. Nígbà tí ó di 2024, Google bá wọn ṣe àdéhùn, ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters sì sọ pé owó rẹ̀ tó bíi 60 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀sìn wa kò sọ pé kí oníṣòwò má jèrè. Ní ìgbà ayé Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ọjà wọ́n ní Mọ̀dínà, àwọn ènìyàn sì wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá wọn dá iye lé ọjà. Ó kọ̀. Ó fi yé wọn pé ọwọ́ Ọlọ́run ni dídínkù àti pípọ̀ wà, òun kò sì fẹ́ pàdé Olúwa òun kí ẹnì kan máa bèèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ òun nítorí ẹ̀jẹ̀ tàbí owó. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ fi Islam gbè sẹ́yìn èrò tí ó ní kí onílẹ̀ má gba kọ́bọ̀, kò rí ibi dì mú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan tàn yín pé ilé iṣẹ́ náà parun nítorí ohun tí ó ṣe. Ní oṣù March 2024, Reddit gbé ìpín ìdókòwò rẹ̀ lọ sí ọjà New York ní 34 dọ́là fún ìpín kan. Kí ọdún náà tó parí, ó kéde èrè. Ẹni tí ó bá ń retí pé kí gbogbo aláìṣòótọ́ ṣubú láyé kí òun tó gbà pé àìṣòótọ́ kò dára, onítọ̀hún kò tíì mọ ìdí tí Ọlọ́run fi dá Ọjọ́ Ìdájọ́.

NÍBO NI Ẹ̀BI WÀ?

Bí gbígba owó kò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí ni ó wá burú níbẹ̀? Nǹkan mẹ́ta ni èmi rí.

Ohun àkọ́kọ́ ni àdéhùn. Súrà Al-Mā’idah, karùn-ún nínú Àlùkùránì, orí pé kí onígbàgbọ́ mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn kì í ṣe èyí tí a bu ọwọ́ lù nìkan. Bí o bá ṣí bodè rẹ sílẹ̀ fún ọdún 15, tí o ń pe àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wá la ọ̀nà, tí àwọn mìíràn fi iṣẹ́ owó oṣù wọn sílẹ̀ nítorí rẹ, o ti bá wọn dá nǹkan pọ̀. Bí ọ̀ràn bá wá yí padà, ó yẹ kí o fún wọn ní àkókò tí ènìyàn lè fi palẹ̀ mọ́. Onílé tí ó bá fẹ́ lé ayálégbé ní ilẹ̀ wa ń fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Twitter kò fún wọn ní ọjọ́ kan. Reddit fún wọn ní oṣù kan. Iye tí ẹni tí à ń bá dúnàádúrà kò lè san láéláé, kò sì yàtọ̀ sí títi bodè pa.

Ohun kejì ni ìmoore. Àwọn àgbà ní ènìyàn ni aṣọ mi. Àwọn tí ó la ọ̀nà, àwọn tí ó ń bójú tó ìsọ̀, àwọn tí ó ń dáhùn ìbéèrè àlejò ní òru, àwọn ni aṣọ tí ọjà náà wọ̀ kí ó tó ní iyì lójú Google àti lójú àwọn olówó New York. Nígbà tí owó dé, wọ́n sọ fún wọn pé bí wọn kò bá ṣe bí a ti wí, a ó fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ẹni tí kò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, Ànábì wa ti kọ́ wa pé kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ohun kẹta ni ó dùn mí jù lọ, òun sì ni ọ̀ràn àwọn afọ́jú. Nínú fóònù òde òní, ohùn kan wà tí ń ka ohun tí ó wà lójú fóònù sí afọ́jú létí. Ṣùgbọ́n ohùn náà kò lè rìn dáadáa nínú áàpù tí wọn kò bá tún ṣe dè é. Àwọn afọ́jú tí wọ́n ń ná ọjà Reddit sọ pé áàpù onílẹ̀ kò bá àwọn lára mu rárá, pé ọ̀nà àwọn àlejò ni àwọn ń gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n ń ṣírò owó bodè, kò sí ẹni tí ó rántí wọn. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ní oṣù June ni Reddit tó yọ̀ǹda pé áàpù díẹ̀ tí kì í ṣe ti èrè, tí a ṣe fún àwọn aláìríran, lè máa wọlé láìsanwó. Lára wọn ni RedReader, Dystopia àti Luna.

Àwa tí a ń ka Súrà Abasa mọ ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí Ànábì ń bá àwọn ọlọ́lá Mọ́kà sọ̀rọ̀, afọ́jú kan wá bá a, Abdullahi ọmọ Ummu Maktum. Ọlọ́run sọ Súrà kalẹ̀ láti fi yé wa títí ayé pé afọ́jú tí ń wá ìmọ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń yí ojú kúrò lára rẹ̀ nítorí olówó. Láti ọjọ́ náà Ànábì ń bọlá fún un. Ó sọ ọ́ di aláàsùn, ó sì fi í ṣe adelé ní Mọ̀dínà nígbà tí òun kò sí nílé. Bí a bá ń wọn ìwà ilé iṣẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí á fi bí ó ti ṣe sí aláìlágbára wọ̀n ọ́n.

KÀNGA RÚMÀ

Ìtàn kan wà tí ó bá ọ̀ràn yìí mu bí ìbọ̀wọ́ ti ń bá ọwọ́ mu. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣí lọ sí Mọ̀dínà, omi ṣọ̀wọ́n. Kànga kan wà níbẹ̀ tí omi rẹ̀ dùn, orúkọ rẹ̀ ni Rúmà. Ẹni tí ó ni ín ń ta omi rẹ̀, owó náà sì ni aláìní lára. Ànábì kò rán àwọn ènìyàn pé kí wọ́n lọ fi agbára gba kànga náà, nítorí pé ohun ìní ẹni ni. Ó bèèrè pé ta ni yóò rà á fún àwọn Mùsùlùmí kí ó lè gba ẹ̀san rẹ̀ ní Àlìjánnà. Sàhábà Uthmán ọmọ Affán ni ó dáhùn.

Àwọn onítàn sọ pé onílẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà láti tà á tán. Ó ta ìdajì, kí olúkúlùkù máa ní ọjọ́ tirẹ̀ lórí kànga. Uthmán fi ọjọ́ tirẹ̀ ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn ènìyàn bá ń pọn omi ọjọ́ méjì ní ọjọ́ Uthmán, kò sì sí ẹni tí ó ń lọ ra omi ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí onítọ̀hún rí i pé ọjà òun ti kú, ó ta ìdajì tí ó kù. Uthmán sọ gbogbo rẹ̀ di waqf, ohun tí a fi sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run fún ànfààní gbogbo ènìyàn.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Kò sí ìjà, kò sí èébú, kò sí pé a fi ipá gba ohun oníǹkan. Wọ́n wá ọ̀nà mìíràn tí omi lè gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Bí ọ̀nà mìíràn bá wà, ọwọ́ onílẹ̀ yóò rọ̀.

Àwọn kan ń gbìyànjú irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ilẹ̀ Jámánì, Eugen Rochko gbé Mastodon kalẹ̀ ní 2016, ojú òpó tí kò ní onílẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ lè dá abúlé tirẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ará abúlé náà sì máa bá àwọn ará abúlé mìíràn sọ̀rọ̀ láìsan owó bodè. Àwọn tí wọ́n ṣe Tweetbot kò jókòó sunkún. Ní oṣù January 2023 kan náà tí wọ́n ti bodè mọ́ wọn, wọ́n gbé áàpù tuntun jáde fún Mastodon, wọ́n pè é ní Ivory. Àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú ṣe òfin kan ní 2022 tí ó sọ pé àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ti tóbi jù, bíi Meta tí ó ni WhatsApp, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí áàpù mìíràn tí ó bá bèèrè lè bá tiwọn fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn. Òfin náà kò kàn wá níbí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròyé lásán.

KÍ NI Ó KÀN WÁ?

Ẹnì kan lè sọ pé: Àlùfáà, èmi kò lo Reddit rí, iṣẹ́ àdìrẹ ni mo ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Ó dára. Jọ̀wọ́, níbo ni orúkọ àwọn oníbàárà rẹ wà? Bí ó bá jẹ́ inú WhatsApp tàbí Facebook nìkan ni wọ́n wà, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni o tẹ́ ọjà rẹ sí, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn ọ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Àwa náà ti rí bodè tí a tì rí. Ní oṣù June 2021, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà fi òfin de Twitter, kò sì ṣí i títí di oṣù January 2022. Ó lé ní oṣù méje. Ìjọba ni ó ti ìyẹn, onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ti èyí tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí kò mọ ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ GB WhatsApp náà tún wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò. Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ọ̀ràn Apollo. Ẹnu bodè tí onílẹ̀ ṣí ni Apollo gbà. GB WhatsApp kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀yìnkùlé ni ó fò gbà. WhatsApp ti kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé òun lè gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń lò ó, kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé àṣírí yín kò jò níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí àti lo nọ́ńbà méjì lórí fóònù kan ni ẹ ṣe ń lò ó, láti 2023 ni WhatsApp tòótọ́ ti gba ìyẹn láàyè lórí fóònù Android. Ẹ má fi ohun tí ó mọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa jẹ ohun tí ó rú yín lójú.

Nítorí náà, mo gba yín ní ìmọ̀ràn, ẹ̀yin oníṣòwò: ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀. Kí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà yín sínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ gbèsè àti owó tí ẹ ti gbà pẹ̀lú. Súrà Al-Baqarah ti pàṣẹ fún wa pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àkọsílẹ̀ yín wà ní ibi tí ẹlòmíràn lè tì mọ́ yín ní òru ọjọ́ kan. Ẹ tajà lórí Facebook, ẹ tajà lórí WhatsApp, ẹ tẹ àtẹ lójú pópó pẹ̀lú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ̀yin lèmọ́mù àti ẹgbẹ́ Àsàlátù, ọ̀rọ̀ yín kò yàtọ̀. Orúkọ jámọ́ọ̀, owó tí wọ́n dá fún kíkọ́ mọ́sálásí, wáàsí tí a gbà sílẹ̀, ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sínú fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo lórí ojú òpó kan ṣoṣo. Ẹ ní ìwé mọ́sálásí. Ẹ ní ẹ̀dà wáàsí nínú ẹ̀rọ tí ó jẹ́ ti jámọ́ọ̀. Bí a bá kéde ìsìnkú lórí WhatsApp, kí a kéde rẹ̀ lẹ́nu gbohùngbohùn náà, nítorí pé àgbàlagbà tí kò ní fóònù ní ẹ̀tọ́ láti kírun sí òkú arákùnrin rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni Uthmán òde òní. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀rọ tí mọ́sálásí mẹ́wàá lè jọ lò láìsí pé ẹnì kan ni bodè rẹ̀, kànga ni ẹ gbẹ́ yẹn, ẹ̀san rẹ̀ kò sì ní dúró bí ẹ bá kú tán.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi kàn ẹni tí ó ni ìsọ̀ kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí ó ti kàn ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ bílíọ̀nù. Gbogbo wa ni onílẹ̀ lójú ẹnì kan. Ìwọ tí o ní ìsọ̀ tí àwọn alápatẹ fi ẹ̀yìn tì, ìwọ tí o ní ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ọ kó oníbàárà jọ láti ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ tí èrè bá dé ni a ó mọ̀ ọ́. Gba ẹ̀tọ́ rẹ, ṣùgbọ́n kìlọ̀ kí o tó gbà á. Bu iye tí ènìyàn lè san. Má ṣe gbàgbé ẹni tí kò ríran.

Kí Ọlọ́run Ọba fi ìbùkún sí ọjà wa, kí ó má ṣe fi wá sí ipò ẹni tí a ó ti bodè mọ́, kí ó má sì fi wá sí ipò ẹni tí yóò ti bodè mọ́ aláìlágbára. Àmín. Wa salaamu alaikum.